Ilé Aláìní àti Ìwé Àṣẹ

Nínú àfikún kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ni a ti ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò ṣe ọ̀ṣọ́ sí i rárá. Ṣe ni wọ́n to iṣẹ́ náà bí ọlọ́jà ti í to ata sórí àtẹ. Ní ìlà kẹta, wọ́n ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa dá ibi ìsìnkú sílẹ̀ kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú ilé fún àwọn aláìní àti àwọn aláìlera. Ní ìlà tí ó tẹ̀ lé e gan-an, wọ́n ní kí ó máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Ìwé òfin ti 1979 ti sọ ohun kan náà ṣáájú rẹ̀.

Mo ti ka ìlà méjèèjì yìí ní àìmọye ìgbà, ohun méjì ni kì í sì í jẹ́ kí n kọjá lára wọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkíní ni pé òkú ni òfin fi ṣe aládùúgbò fún aláìní. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó kó àwọn méjèèjì pọ̀, bí ẹni pé iyàrá kan náà ni wọ́n ń pín. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ "ìwé àṣẹ" kò sí ní ìlà ti aláìní. Ìlà ti bárò ni ó wà. Bárò ni ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ní àṣẹ. Ilé aláìní, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó kọ́ ọ. Ó jọ pé kò wá sí ọkàn àwọn tí ó ṣe òfin pé ẹlòmíràn lè dìde láàrin ìlú, kí ó kó arúgbó mẹ́rin, tàbí ọmọ mẹ́wàá, tàbí àwọn tí orí wọn dàrú, jọ sábẹ́ òrùlé kan, kí ó máa bọ́ wọn, kí ó máa tì wọ́n mọ́lé lálẹ́, kí ó gba owó lọ́wọ́ ẹbí wọn tàbí kí ó má gbà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ Pedro yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ilé ti jìnnà sí ilé. Ó há sí àárín Gbàgádà àti Bàrígà, ògiri ń fẹ́ máa kan ògiri, ẹni tí ó bá ń din àkàrà ní ojúlé kejì, èéfín rẹ̀ ni a ó fi jí. Ní irú àdúgbò báyìí, ilé tí àwọn mẹ́wàá tí kì í ṣe ọmọ ìyá ń gbé kì í ṣe ohun tuntun. Ilé oníyàrá kojú-sí-mi-n-kojú-sí-ọ ni púpọ̀ nínú wa ti dàgbà. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ilé tí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè jáde nígbà tí ó bá wù wọ́n.

Bí ẹni tí ó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ní kí òun tọrọ àṣẹ, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Ṣómólú jẹ́ ọ̀kan nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin mọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2003, ìjọba Bọ́lá Tinúbú gé mẹ́tàdínlógójì mìíràn jáde lára wọn, Bàrígà sì jẹ́ ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ ní oṣù Kejìlá 2004 pé ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ náà kò tí ì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá yóò fi ṣe tirẹ̀. Ní oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni kí owó rẹ̀ máa wọ̀. Ní ti àwọn ọmọdé, ìpínlẹ̀ ni a ń lọ bá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, tí Èkó gbà wọlé ní 2007, ní kí a má ṣe ṣí ilé fún wọn láìforúkọsílẹ̀. Nítorí náà ìpínlẹ̀ ní ìwé lọ́wọ́, ìjọba ìbílẹ̀ ní iṣẹ́ nínú òfin, Bàrígà ní ọ́fíìsì, aláìní sì wà nínú iyàrá. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí jẹ òǹkàwé níyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí ó ká mi lára wà lẹ́yìn gbogbo èyí: ṣé ó tọ́ kí àánú gba ìwé àṣẹ?

Èrò tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọmọ Yorùbá ni pé kò tọ́. Ta ni ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba kí ó tó gba ọmọ òrukàn sílé? Ta ni ó lọ forúkọ ìyá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní káńsù kí ó tó gbé e wá sí iyàrá ẹ̀yìn? Agbo ilé ni ilé ìtọ́jú wa. Arúgbó wà níbẹ̀, aláàbọ̀ ara wà níbẹ̀, opó, àlejò, ìwọ̀fà, ọmọ tí a fi tọrẹ, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, kò sí pátákó kankan lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbọ́ èrò yìí lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n sì ń sọ ọ́.

Mi ò lè bá wọn yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa sàn jù wá lọ ní inú rere. Àwọn oníṣègùn tí ó ń wo wèrè mọ ìlò ṣẹkẹṣẹkẹ dáadáa. Aro, abuké àti àfín tí a ń pè ní ẹni òrìṣà, ìbẹ̀rù Ọbàtálá wà nínú ọ̀wọ̀ tí a ń fún wọn, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ohun tí agbo ilé ní, tí ilé olódi ti òde òní kò ní, ni ojú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá. Ibi ìdáná kò ní ilẹ̀kùn. Bí ìyàwó ilé kan bá gbé ọbẹ̀ aláìlóorun síwájú ìyá arúgbó, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó kejì ti mọ̀, ọmọ tí ó ń gbálẹ̀ ti rí i, olórí ilé yóò sì gbọ́ bí ó bá fẹ́ gbọ́. Nígbà mìíràn kì í fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ojú yìí ni ìwé àṣẹ àtijọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń san owó lé e lórí.

Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè wa yí padà. Ohun tí a ó máa bi ara wa ni pé nígbà tí ojú bá kúrò, kí ni a fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò rántí wolé-wolé. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ni ó fi í sílẹ̀ fún wa. Yóò wọlé láàárọ̀ kùtù, yóò ṣí ìdérí àmù, yóò máa wá tanwíji. Yóò wo ṣáláńgá, yóò wo ẹ̀yìn ilé, yóò kọ nǹkan sínú ìwé. Àwọn ìyá wa kórìíra rẹ̀, wọn a sì máa da omi àmù nù bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀ ní ojúlé kẹta. Ó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, a mọ̀. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí mo ti wá fẹ́ràn. Kì í béèrè bóyá onílé jẹ́ ènìyàn rere. Kò kàn án. Omi inú àmù ni ó ń wò. Olódodo lè ní tanwíji nínú àmù, ọ̀daràn sì lè ní omi tí ó mọ́ gaara. Àwọn tí ó ń sọ pé ìwé àṣẹ jẹ́ àfojúdi sí aláàánú rò pé ọkàn aláàánú ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí a bá ń ṣe é bí ó ti yẹ, kò sí ẹni tí ó bá ọkàn wí.

Ní Abẹ́òkúta, ẹnì kan wà tí ó ronú lórí ojú yìí jinlẹ̀ ju ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ni, kì í ṣe amòfin. Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923, padà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Arò ní 1954 láti máa tọ́jú àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ. Ṣáájú àkókò yìí, ohun tí ìjọba mọ̀ ni irú ilé tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní 1907, ibi tí a ń ti wèrè mọ́ kí ìlú lè sinmi. Nígbà tí Lámbò dé, ilé ìwòsàn tuntun náà kò tí ì parí. Kò dúró de àwọn kọ́lékọ́lé. Ó tọ àwọn ará abúlé tí ó yí Arò ká lọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Ó fi òfin kan lé e: aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ó yá, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ di igbákejì ọ̀gá àgbà wọn. Ó kú ní 2004.

Àwọn kan máa ń fi Arò wé ìlú Geel ní Bẹ́líjíọ̀mù, níbi tí àwọn ìdílé ti ń gba irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ìfiwéra náà dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí jù ní Arò kò sí ní Geel, ìyẹn ni ẹbí tí ó tẹ̀ lé aláìsàn wá. Ẹ wo iye ojú tí ó wà lára ẹnì kan náà: ojú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú onílé, ojú àwọn ará abúlé tí ó ń bá a pàdé lọ́nà oko, ojú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Bí onílé bá lù ú, ìyá rẹ̀ yóò rí i. Bí ìyá rẹ̀ bá lù ú, onílé yóò rí i. Mi ò tí ì rí ìwé àṣẹ tí ó dára tó èyí. Ó ṣeni láàánú pé ètò abúlé náà rọlẹ̀ bí ilé ìwòsàn ti ń gbòòrò. Ta ni ó tún lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láti bá àbúrò rẹ̀ gbé abúlé? Ọmọ arúgbó Pedro wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, níbi tí òun náà ti ń fọ ara fún arúgbó ẹlòmíràn nínú ilé tí ó ní ìwé àṣẹ lára ògiri. Owó ni ó ń fi ránṣẹ́ sílé. Owó kò ní ojú.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kàdúná, wọ́n sì bá àwọn ọmọkùnrin àti àgbà ọkùnrin tí ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún nínú ẹ̀wọ̀n. Kí oṣù Kọkànlá tó rìn jìnnà, wọ́n kó ọ̀tàlérúgba ó dín ẹyọ kan ènìyàn, 259, jáde ní ilé kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn tiwa níhìn-ín. Lóṣù yẹn kan náà, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ibi ìtọ́jú 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Ti ìjọba wà níbẹ̀, ti ìjọ Kírísítì wà níbẹ̀, ti Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ẹ̀wọ̀n wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù. Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìròyìn náà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Òun ni pé àwọn ẹbí ni ó sábà máa ń mú wọn wá. Ẹbí kan náà tí ó jẹ́ ojú ní Arò ni ó wá di ọwọ́ tí ó tini sínú ilé, tí ó sì padà lọ. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ èyí tí ó tún ń sọ pé àánú kò nílò ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà tí a ń gbà béèrè ìwé àṣẹ, tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n. Mo bá wọn jókòó sí ìpàdé àwọn onílé kan ní Pedro, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dá lórí ilé kan tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ já ara wọn gbà lọ́wọ́ oògùn olóró ń gbé. Àwọn kan ní wọ́n ń kọrin jù lóru. Àwọn kan ní àwọn ọmọ àwọn ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀kan sọ òótọ́, ó ní owó ilé yóò wálẹ̀. Nígbà náà ni akọ̀wé dìde, ó ní: "Alága, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ẹ jẹ́ kí a ní kí wọ́n mú láísẹ́ńsì wọn wá. Bí wọn kò bá ní in, kí wọ́n kó jáde." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó béèrè pé: "Ọmọ mi, bí wọ́n bá ní in ńkọ́? Ṣé a ó wá lọ kí wọn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá.

Ìbéèrè ìyá náà ṣí ohun gbogbo payá. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ náà ń jẹun. Ìwé tí akọ̀wé ń béèrè kì í ṣe fún wọn, fún wa ni.

Pedro nìkan kọ́ ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kékeré kan ní Texas tí ń jẹ́ Cleburne, obìnrin kan ra ilé ní 1980 kí àwọn mẹ́tàlá tí òye wọn kò pé lè máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú. Ìlú ní kí wọ́n gba àṣẹ pàtàkì, tí a ó máa tún gbà lọ́dọọdún, kí àwọn onílé tí ó wà nítòsí sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ láti fún wọn ní àṣẹ. Àwọn àwíjàre tí wọ́n mú wá tó nǹkan tí a lè fi ṣe eré orí ìtàgé. Wọ́n ní ilé náà wà níbi tí omíyalé lè dé lẹ́ẹ̀kan ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Wọ́n ní ilé-ìwé wà ní òdìkejì títì, àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ bí ọgbọ̀n tí òye wọn kò pé wà nínú ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀. Lójú kan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí fún àwọn arúgbó kò nílò irú àṣẹ yẹn. Ní oṣù Keje 1985, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìkórìíra lásán ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì da ìpinnu ìlú nù.

Bí a bá sì rò pé àwa kò lè ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù Keje 2013, nígbà tí ìjọba Èkó kó àwọn kan tí ó pè ní aláìní sínú ọkọ̀, tí a sì lọ já wọn sílẹ̀ ní Onitsha. Gómìnà Fáṣọlá tọrọ àforíjì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ìlú kan ní ilé fún aláìní ní Májídùn, ní ọ̀nà Ìkòròdú, ó sì tún ń wádìí bóyá aláìní náà jẹ́ ọmọ onílẹ̀.

Nítorí náà ìwé méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń kọjú sínú ilé, ó ń béèrè ohun tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ, ibi tí wọ́n ń sùn, ẹni tí wọ́n lè ké sí. Èkejì ń kọjú síta, ó ń béèrè bóyá ojú àwa aládùúgbò lè gba wọ́n. Àkọ́kọ́ ni mo fẹ́, bí ó bá tilẹ̀ le koko. Èkejì kò yẹ kí ó wà rárá. Ariwo òru ní òfin tirẹ̀, ó sì kan ilé ìjọsìn àti ilé ọtí Bàrígà bí ó ti kan ilé àwọn ọ̀dọ́ náà.

Àwọn kan yóò sọ pé bí òfin bá le jù, àwọn olówó nìkan ni yóò lè ṣí ilé. Ìyá tí ó gba arúgbó mẹ́rin sílé kò ní rí owó ẹ̀rọ ìpaná rà. Òótọ́ ni, ó sì wúwo. Ọ̀nà tí mo rí ni kí ìbẹ̀wò ṣáájú ìwé, kí ìwé má sì gba kọ́bọ̀. Gbàrà tí káńsù bá ti ń pa owó lórí rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já a bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, ẹni tí ó bá sì ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò tún wo inú àmù rẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin ní kí ó kọ́ ilé aláìní, tí kò kọ́ ọ, kò ní ẹnu láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá a ṣe é.

Àtakò kan ṣì wà tí mi ò rí ọ̀nà rọrùn gbà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí wolé-wolé bá lè wọlé nígbàkígbà, ṣé ilé ni ibẹ̀ ṣì jẹ́? Èmi àti ẹ̀yin kò ní gbà kí káńsù wọ iyàrá wa láìkanlẹ̀kùn. Bàbá tí ó ń gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Pedro, tí ó sì ń sọ pé "ilé mi", ṣé kò ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀kùn tí ó ṣeé tì? Ó ní i. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí: ilẹ̀kùn tèmi, èmi ni mo ń tì í láti inú. Bí ó bá jẹ́ pé láti ìta ni a ti ń ti tirẹ̀, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ ni wolé-wolé ń wọ̀. Bí èmi bá ni mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù náà, ohun tí n ó kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn tí ó wá kí olúkúlùkù ní oṣù tí ó kọjá, nítorí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò wá kí ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé àwọn arúgbó kan wà tí ìyè wọn ti ra, tí a kò lè fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́ kí wọ́n má baà rìn lọ sí títì márosẹ̀ Gbàgádà lóru. Fún irú wọn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí ó sọ pé kí a tì í, ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀, àti ọjọ́ tí a ó tún un yẹ̀ wò. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, tí ó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún láti 1916, ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè irú nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn ilé ìwòsàn. Kò tí ì dé ẹnu ọ̀nà ilé oníyàrá mẹ́ta ní Pedro, àwọn onílé tí mo bá ṣèpàdé kò sì tí ì béèrè rẹ̀.